Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Fi Ìwé Sin Ilé àti Ìjọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí-Ayé Jacob Adé Àjàyí

Fún kíkà ṣáájú ẹ̀kọ́: Orin Dáfídì 78, ẹsẹ 1 dé 8; Jóṣúà 24, ẹsẹ 14 àti 15; 2 Tímótì 1, ẹsẹ 3 dé 7.



Ọ̀rọ̀ méjì kan ń bẹ tí a máa ń gbọ́ ní ẹnu àwọn ènìyàn wa ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Èkíní ni pé ìwé àkàjù a máa ba ìgbàgbọ́ jẹ́: pé bí ọmọ bá ti gba oyè tán, kì í pẹ́ tí yóò fi máa fi ojú tín-ín-rín wo ilé Ọlọ́run. Èkejì ni pé olùkọ́ tí ó bá ti fẹ̀hìntì, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kí ó wá àga kan jókòó sí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ó máa retí owó ìfẹ̀hìntì, kí ó sì máa ka ọjọ́. Àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní èrò búburú nínú. Ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ láàrin wa, ewu ń bẹ níbẹ̀. Bàbá yóò máa bẹ̀rù láti jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ìwé jìnnà, olùkọ́ yóò sì máa bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ bí ẹni tí ń bẹ̀rù ikú.

Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a gbé ìgbésí-ayé ọkùnrin kan yẹ̀wò ní oṣù yìí, ẹni tí ó ka ìwé dé òpin ibi tí a ń kà á dé, tí kò sì tìtorí rẹ̀ fi Ìjọ àwọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ̀hìntì, tí ó sì tún ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà. Ọkùnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adéníyì Àjàyí, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Àjàyí. Kì í ṣe láti sọ ọ́ di ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀ ni a ṣe ń kọ èyí, nítorí ènìyàn bí àwa ni òun náà. A ń kọ ọ́ kí àwa tí ó kù lè rí ipa ẹsẹ̀ tí a lè tẹ̀ lé.

I. Ilé tí a bí i sí

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ 26 oṣù Máàyì 1929 ni a bí Adé Àjàyí ní ìlú Ìkọ̀lé ní ilẹ̀ Èkìtì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí ó mọ ìwé ní ìlú náà ní àkókò náà, òun sì ni akọ̀wé Ọba. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síhìn-ín. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò tètè mọ̀ pé ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ní agbára. Lẹ́tà kan lè dá ẹjọ́ sílẹ̀, lẹ́tà mìíràn sì lè parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá di kálámù mú ní ojúṣe ńlá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ a máa dúró de ọmọ ọmọ.

Ní ọmọ ọdún márùn-ún ni a fi í sí ilé-ìwé St. Paul ní Ìkọ̀lé. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Ekiti Central School, níbi tí a ti ń múra sílẹ̀ fún un láti di olùkọ́ kékeré, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ti ṣe rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó sọ fún un nípa Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì ní Èkó, tí Ìjọ wa àti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932. Ó kọ̀wé síbẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìgbìmọ̀ ìlú Ìkọ̀lé ni ó dìde láti ràn án lọ́wọ́, ọmọ náà sì lọ sí Èkó ní 1940.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe bàbá àti ìyá nìkan ni ó tọ́ ọ. Ìjọ kọ́ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ la ọ̀nà, ìlú sì dáwó. Nígbà tí àwa bá rí ọmọ kan nínú ìjọ wa tí orí rẹ̀ pé, tí ọwọ́ òbí rẹ̀ kò sì tó o, kí ni a máa ń ṣe? Bí a bá ń dá owó fún aṣọ ẹgbẹ́, tí a kò sì lè dá owó ilé-ìwé fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń gbìn àti ohun tí a ó ká.

II. Ìwé tí kò ya á kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀

Ní 1948 ni a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Adé Àjàyí sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ Ìtàn, èdè Látìnì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yan Ìtàn. Ní 1952 ó kọjá lọ sí Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè onípò kìn-ín-ní níbẹ̀ ní 1955. Ó ṣe ìwádìí ní London, ó gba oyè Dókítà ní 1958, ó sì padà wá sí Ìbàdàn ní ọdún náà gan-an láti máa kọ́ni. Ní 1963 ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí a tó lè mọ ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ìgbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun gbà pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn kan kí òyìnbó tó dé. Ní 1963, ọdún tí Àjàyí di Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oxford, Hugh Trevor-Roper, dìde sọ ọ́ ní gbangba pé ìtàn àwọn òyìnbó nìkan ni ó wà ní Áfíríkà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Kenneth Dike, ẹni tí ó ṣáájú Àjàyí ní Ìbàdàn, àti Ṣàbúrì Bíòbákú, àti Àjàyí fúnra rẹ̀, kò fi èébú dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ìwé ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n tú àwọn àkójọ ìwé àtijọ́ wò, wọ́n lọ bá àwọn àgbà ní ìlú àti àwọn arọ́kin, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu wé ọ̀rọ̀ inú ìwé. Àjàyí a sì máa kọ́ni pé àkókò tí òyìnbó fi jọba lé wa lórí kò ju ojú-ewé kan lọ nínú ìtàn wa tí ó gùn. Ohun tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ kò parẹ́, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tí ó kan àwa Katikísì àti àwọn olùkọ́ gan-an. Nínú ohun tí ó fi kọ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, èyí tí ó dá lórí iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1841 sí 1891, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1965, àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. fi ránṣẹ́ sí London wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni ó kọ wọ́n. Àwọn aláwọ̀ dúdú, Katikísì, olùkọ́ àti àlùfáà, a máa jókòó ní alẹ́ nídìí fìtílà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin ẹsẹ̀ gígùn, wọn a sì kọ ohun tí ojú wọn rí: ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀, ẹni tí ó kọ̀ ọ́, ogun tí ó ń bọ̀, iye ohun tí a ń tà lọ́jà. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀gọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ akọ̀wé Ọba kan láti Ìkọ̀lé yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò sì fi wọ́n fi hàn fún ayé pé a ní ìtàn. Olùṣọ́-àgùntàn Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó parí ìwé Ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé àkọ́kọ́ sọnù, òun alára sì ti kú ní 1901 kí arákùnrin rẹ̀ tó tún un kọ, tí a sì wá tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ ṣe kì í ṣègbé, bí ẹni tí ó ṣe é kò tilẹ̀ rí èrè rẹ̀.

III. Olùfẹ́ Ìjọ tí ó sọ òtítọ́ nípa Ìjọ

Èyí ni ó wúwo jù lọ nínú ẹ̀kọ́ wa, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbà á.

Ó rọrùn láti kọ ìtàn Ìjọ tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò dà bí áńgẹ́lì. Ó sì rọrùn fún ẹni tí ó ti kúrò nínú Ìjọ láti kọ ìtàn tí gbogbo wọn yóò fi dà bí olè. Adé Àjàyí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fi hàn pé àwọn ajíhìnrere mú ìwé wá, pé wọ́n sọ èdè wa di èdè kíkọ, pé láti inú ilé-ìwé wọn ni ẹgbẹ́ tuntun kan ti jáde ní ilẹ̀ wa: olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò, àlùfáà. Bàbá òun fúnra rẹ̀ jẹ́ èso irú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé wọ́n bá ara wọn jà, pé wọ́n a máa gbè sẹ́hìn ìlú tí wọ́n ń gbé nígbà ogun, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tí àwọn ti Abẹ́òkúta fi wo ogun Ìjàyè yàtọ̀ sí ojú tí Hinderer ní Ìbàdàn fi wò ó.

Ẹ wo Henry Townsend. Òun ni ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó sì ṣe làálàá púpọ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá. Òun kan náà ni ó kọ̀wé tako ọ̀rọ̀ pé kí a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ tí kò dára ti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo jáde. Akọ̀tàn tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò kọ méjèèjì.

A mọ bí ọ̀rọ̀ Crowther ti lọ. Ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ni a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù 1864. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., fẹ́ kí Ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà lè ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì lè tan ìhìnrere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Venn kú ní 1873, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ó wá lẹ́yìn náà kò sì ní irú èrò kan náà. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1890, ní Onitsha, níwájú Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé Bíṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà 1891 ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀, ọdún tí ó ju àádọ́ta lọ sì kọjá kí a tó tún fi aláwọ̀ dúdú jẹ Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní Dáyósísì tirẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé Crowther jẹ́ ẹni rere ṣùgbọ́n kò lè ṣàkóso. Àjàyí tú ìwé wò, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: pé ẹ̀mí ìjọba òyìnbó tí ń gbilẹ̀ ní ìgbà náà, àti ìfojú-kéré aláwọ̀ dúdú, wà nínú rẹ̀. Kò fi èyí bo àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ kan mọ́lẹ̀. Kò sì fi Ìjọ sílẹ̀ nítorí pé ó rí ẹ̀gbin nínú ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi Ìjọ sílẹ̀ lónìí nítorí wọ́n rí ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀, àwọn àgbà wa kan sì rò pé láti mú wọn dúró, àfi kí a bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kò níí sọ fún dókítà pé ara rẹ̀ le nígbà tí ara rẹ̀ kò le. Bẹ́ẹ̀ ni kò níí jù ú nù nítorí àìsàn.

IV. Ìdánwò 1978

Ní 1972 ni a fi Adé Àjàyí ṣe olórí Yunifásítì Èkó. Ní oṣù Éprílì 1978, ìjọba àpapọ̀ fi kún owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún oúnjẹ àti ibùgbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde káàkiri àwọn Yunifásítì, a sì yìnbọn. Ẹ̀mí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí ìjọba ṣe ìwádìí tán, wọ́n mú Àjàyí kúrò ní ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ilé-ìwé tí a ti ṣí nípò rí láìròtẹ́lẹ̀, ẹ mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti rí. Ilé tí a ń gbé kì í ṣe ti ẹni mọ́, ọkọ̀ tí ń gbé ni kò tún sí mọ́, àwọn tí ń kí ni ní àkíkúnlẹ̀ a sì máa gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀ ni a ti í mọ̀ bóyá ipò ni ó gbé ènìyàn ró tàbí iṣẹ́. Adé Àjàyí padà sí Ìbàdàn, ó padà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Ìtàn níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ àti láti máa kọ ìwé. Kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù nítorí pé a gba oyè rẹ̀. Ní 1986 ìjọba orílẹ̀-èdè kan náà fún un ní ẹ̀bùn ọlá tí ó ga jù lọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé, èyí tí a ń pè ní National Order of Merit. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù, tí kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò rí ọ̀la.

V. Ìyàwó àti àwọn ọmọ

Ní 1956, nígbà tí ó ṣì ń kàwé ní òkè òkun, ni ó fẹ́ Christie Àdùkẹ́ Martins, ọmọbìnrin láti Ilé-Olújì. Olùkọ́ ni ìyá yìí pẹ̀lú. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní Kúdẹtì àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ nípa títọ́ ọmọ kékeré ní Roehampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Ìyá náà fi ọgbọ́n tí ó kọ́ ṣiṣẹ́: ó kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé, ìtàn tí ọmọ ilẹ̀ wa yóò kà tí yóò sì rí ilé tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti bá ara mu. Ọkọ ń sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ayé pé àwọn ènìyàn wa ní ìtàn. Aya ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé òun náà wà nínú ìtàn. Èwo ni ó tóbi jù nínú méjèèjì? A kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ nínú wa rò pé ìwé tiwọn nìkan ni ìwé, pé ti aya kò ju ohun eré lọ. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi wà papọ̀ kí ikú tó yà wọ́n. Jóṣúà kò ṣèlérí fún Ísírẹ́lì nípa ara rẹ̀ nìkan. Ilé rẹ̀ pẹ̀lú ni ó kà mọ́ ọn. Ọkùnrin tí ó bá sin Ọlọ́run ní gbangba tí kò bá àwọn ará ilé rẹ̀ sìn ín, ó ti pín ìlérí náà sí méjì, ó sì ti ju ìdajì nù.

VI. Ìfẹ̀hìntì tí kì í ṣe òpin

Ní 1989, ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó fẹ̀hìntì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún náà gan-an ni apá kẹfà Ìtàn Gbogbo Áfíríkà tí UNESCO ṣe jáde, èyí tí òun ṣe olóòtú rẹ̀. Ní 1992 Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi í sínú ìgbìmọ̀ àwọn ènìyàn pàtàkì tí yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀san fún òwò ẹrú yẹ̀wò. Ní 1999 ó sọ̀rọ̀ ní Cambridge nípa iṣẹ́ Crowther. Ní 2001 ìwé rẹ̀ lórí Crowther, èyí tí ó pè ní ẹni tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ dé inú eegun, tún jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ ni ó ń bá a lọ ní ìgbà ogbó. Kò sí ohun tí ó ń lé e mọ́: kò sí oyè tí ó kù láti gbà, kò sí ọ̀gá tí yóò bi í léèrè. Ìfẹ́ ni ó kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Crowther ti kú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni orí ọmọ tí ó wọ́, Àjàyí kejì yìí sì ń bá a tún un ṣe.

Nígbà tí ó sì yá, Ìjọ náà gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù 2014, ní àyájọ́ àádọ́jọ ọdún tí a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Archbishop Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, ní ibi tí a ti yan Crowther sí iṣẹ́ náà, ó sì tọrọ ìdáríjì fún ohun tí a ṣe sí i. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2014, Adé Àjàyí sùn ní ẹni ọdún 85. A kò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó mú ìsìn náà wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè tọrọ ìdáríjì fún ohun tí a kò sọ fún un? Ẹni tí ó kọ òtítọ́ sílẹ̀ ni ó ń la ọ̀nà fún ìrònúpìwàdà.

VII. Ohun tí ó kan àwa

A ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá àgbà kan wà, olórí ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀hìntì. Òun ni ó mọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tọrẹ àti ibi tí ààlà rẹ̀ dé. Ó mọ orúkọ àwọn tí a kọ́kọ́ rì bọmi, ó sì ní àpótí kan tí ó kún fún ìwé. Ó sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì pé kí a wá, kí a jọ jókòó. A wí pé, bí ìkórè bá parí. Ìkórè parí, a wí pé, bí Sínóòdù bá parí. Kí Sínóòdù tó parí, ó ti lọ. Ìgbà tí a dé ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti fi púpọ̀ nínú ìwé náà dáná, nítorí ikán ti mú wọn, wọn kò sì mọ̀ pé ó wúlò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjà ààlà dé lórí ilẹ̀ náà, kò sì sí ẹlẹ́rìí. A kò rí ẹni kankan dá lẹ́bi bí kò ṣe ara wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́rin lọ sí ilé láti inú ẹ̀kọ́ yìí.

Èkíní, kí àwọn òbí má ṣe bẹ̀rù ìwé, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i pé ìgbàgbọ́ ti wà nínú ilé kí ìwé tó dé. Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ rántí ìyá-ìyá Tímótì àti ìyá rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí ó wà nínú ọmọ náà.

Èkejì, kí àwa òṣìṣẹ́ Ìjọ máa kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Kí a tọ́jú ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìpàdé nínú àpótí irin, kí a má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ fún ikán àti òjò.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ òtítọ́ nípa Ìjọ nínú ìfẹ́. Dáfídì kékeré tí ń bẹ nínú kíláàsì wa lè gbọ́ pé àwọn bàbá ṣàṣìṣe, bí ó bá rí i pé àwa tí ń sọ ọ́ kò sá lọ. Orin kejìdínlọ́gọ́rin tí a kà kò fi oríkunkun àwọn bàbá pamọ́ fún àwọn ọmọ. Nítorí kí wọn má bàa rìn ní ọ̀nà náà ni ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀hìntì, Ìjọ kò tíì parí pẹ̀lú yín. Ẹ gba kálámù kan àti ìwé kan. Ẹ pe ọmọ ọmọ yín kan jókòó. Ohun tí ẹ mọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìlú Ìkọ̀lé ṣe fún Adé Àjàyí ní 1940? Ọmọ wo ni ó wà nínú ìjọ yín tí ó yẹ kí a ṣe irú rẹ̀ fún?
2. Báwo ni ìwé ìrántí àwọn Katikísì àtijọ́ ti ṣe wúlò fún ìtàn wa? Ta ni ó ń kọ ti ìjọ yín nísinsìnyí?
3. Ohun rere wo àti àṣìṣe wo ni Townsend ṣe? Kí ni èyí kọ́ wa nípa bí a ti ń dá ènìyàn lẹ́jọ́?
4. Bí a bá mú ènìyàn kúrò ní ipò lójijì, kí ni ó yẹ kí Ìjọ ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?
5. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ àgbà mẹ́ta nínú ìjọ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò lọ bá wọn jókòó kí oṣù yìí tó parí. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró de ìkórè.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó pa àwọn bàbá wa mọ́, tí ó sì fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọgbọ́n, kí ó fún wa ní ọkàn tí ń fẹ́ òtítọ́, ilé tí ń sìn ín, àti ogbó tí ń so èso, nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.